Sóbò, Ìṣápá àti Oògùn Apakòkòrò: Ohun tí Eku Kọ́ Wa àti Ohun tí Kò Kọ́ Wa

  

Ẹ̀kọ́ tí a gbé wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti oríkì tàbí ti àlọ́. Ẹ̀kọ́ nípa ohun mímu àti májèlé ni. Ohun tó fa á ni ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́. Ní àsìkò ooru kan, ìdun kò jẹ́ kí ọ̀kan nínú wa rí oorun sùn. Ó ra ọ̀tápiápiá, ó wọ́n ọn sórí tìmùtìmù rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa kí agbára oògùn náà má baà jáde, ó sì sùn lé e lórí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òógùn ti bo gbogbo ara rẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń mí gúlegúle bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gun òkè.

Àwa tí a wà níbẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹnì kan ní kí a fún un ní epo pupa mu, nítorí ẹ̀rọ̀ ni epo. Ẹnì kejì ní kí a fún un ní sóbò, nítorí wọ́n ti kọ́ òun ní kíláàsì pé sóbò a máa gba eku lọ́wọ́ oògùn apakòkòrò. Ẹnì kẹta kò bá wa jiyàn rárá. Ó ti sáré jáde lọ wá ọkọ̀.

Ẹnì kẹta yìí ló ṣe ohun tó tọ́. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n bọ́ aṣọ lọ́rùn ọ̀rẹ́ wa, wọ́n fi omi àti ọṣẹ fọ ara rẹ̀, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn náà kò tán síbẹ̀. Nígbà tí a pàdé ní ẹgbẹ́, ẹni tó dárúkọ sóbò kò gbà pé òun jẹ̀bi. Ó bi wá pé, "Ṣé irọ́ ni ìwé wá pa ni?"

Ìwé kò parọ́. Síbẹ̀, sóbò kọ́ ni ohun tí ọ̀rẹ́ wa nílò lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Báwo ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe lè jẹ́ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan náà? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni ẹ̀kọ́ wa lónìí.

1. Igi kan náà ni sóbò àti ìṣápá

Púpọ̀ nínú àwa tí wọ́n bí sí Òkè Ọya ló mọ sóbò kí ó tó mọ ìṣápá. Lẹ́bàá ọ̀nà Bama, lẹ́nu géètì yunifásítì, kò sí ìgbà tí a kì í rí i: omi pupa tó ṣókùnkùn díẹ̀, tí wọ́n fi atalẹ̀ àti kànáfùrù sí, tí wọ́n rọ sínú ike tàbí ọ̀rá, tí wọ́n sì fi yìnyín tù ú. Nígbà tí a bá wá lọ kí ìyá àgbà nílé, a ó bá ọbẹ̀ ìṣápá tí wọ́n fi ẹ̀gúsí sè, a ó sì máa jẹ ẹ́ bí àlejò, láìmọ̀ pé ojúlùmọ̀ wa ni.

Hibiscus sabdariffa ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún igi náà. Èyí tí kò pupa ni Yorùbá sábà máa ń fi se ọbẹ̀. Èyí tó pupa ni a ń sè mu. Ohun tí a sì ń sè náà kì í ṣe òdòdó gan-an, bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Èèpo tó nípọn, tó yí èso ká lẹ́yìn tí òdòdó bá ti rẹ̀ dànù, ni.

Ẹ ṣàkíyèsí àwọ̀ rẹ̀. Àwọn èròjà tó ń fún un ní pupa yẹn ni wọ́n ń pè ní anthocyanin. Méjì ló pọ̀ jù nínú wọn: delphinidin-3-sambubioside àti cyanidin-3-sambubioside. Fítámìn C náà wà nínú èèpo yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí a bá ṣe ń sè é pẹ́ tó ni yóò máa dín kù tó. Àwọn èròjà wọ̀nyí ni gbogbo ìtàn eku dá lé lórí.

2. Ọ̀nà méjì tí májèlé ń gbà jà

Ohun tó sábà máa ń wà nínú ọ̀tápiápiá ni kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní dichlorvos, tàbí DDVP. Òun náà ló wà nínú Sniper. Ìdílé kan ni òun àti chlorpyrifos àti diazinon, tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fọ́n oko. Organophosphate ni orúkọ ìdílé náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka dichlorvos kún ìsọ̀rí Ib, ìyẹn àwọn tí ewu wọn pọ̀ gan-an.

Ìjà àkọ́kọ́ tí ìdílé yìí ń jà, ìjà ojú agbo ni. Bí ọpọlọ bá fẹ́ kí ẹran apá ṣiṣẹ́, ó ní ìránṣẹ́ tó ń rán, acetylcholine ni orúkọ rẹ̀. Ìránṣẹ́ yìí a kan ilẹ̀kùn, ẹran ara a gbọ́, a sì jẹ́ iṣẹ́ náà. Bí iṣẹ́ bá parí, agbálẹ̀ kan wà tó ń gbá ìránṣẹ́ yìí kúrò kíákíá kí ilẹ̀kùn lè sinmi. Agbálẹ̀ náà ni ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ acetylcholinesterase. Kí ni organophosphate wá ń ṣe? Ó ń di agbálẹ̀ yìí lọ́wọ́. Ìránṣẹ́ kò wá kúrò lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ó ń kan ilẹ̀kùn láìsinmi. Ìdí nìyẹn tí itọ́, òógùn, omijé àti ìtọ̀ fi ń dà láìdúró, tí ènìyàn fi ń bì, tí ó fi ń ṣu, tí ọmọ ojú fi ń kéré bí orí abẹ́rẹ́, tí ẹran ara fi ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, omi á kún ọ̀nà èémí, àwọn ẹran ara tó ń bá wa mí á sì rẹ̀. Ibẹ̀ ni ikú ti ń wọlé. Ìjà wákàtí ni, nígbà mìíràn ìjà ìṣẹ́jú ni.

Ìjà kejì kì í pariwo. Ẹ mọ bí irin ṣe ń dípẹtà tí a bá gbé e sí ìta. Nínú ara náà, májèlé a máa dá nǹkan kan sílẹ̀ tó jọ ìpẹtà: àwọn èròjà aláìnísinmi tó ń já ọ̀rá ara àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹ, nínú ẹ̀dọ̀, nínú kíndìnrín, nínú ọpọlọ àti nínú kóró ẹpọ̀n. Ara ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ tó ń bá ìpẹtà yìí jà. Mẹ́ta nínú wọn ni glutathione, catalase àti superoxide dismutase. Bí májèlé bá ń wọlé díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, á rẹ àwọn ẹ̀ṣọ́ náà. Àwọn onímọ̀ a sì máa wọn ohun kan tó ń jẹ́ malondialdehyde nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀ láti mọ bí ìpẹtà náà ti pọ̀ tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìyàtọ̀ méjèèjì yìí bọ́ lọ́wọ́ yín: ìdè ọwọ́ agbálẹ̀ ni èkínní, ìpẹtà ni èkejì. Orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé.

3. Ohun tí wọ́n rí lára eku

Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun mímu kan ń dáàbò bo ara, ọ̀nà tí wọ́n sábà ń gbà kò le. Wọ́n á pín eku funfun sí àgò mẹ́rin. Àgò kìíní á mu omi lásán. Àgò kejì á mu sóbò nìkan. Àgò kẹta á gba májèlé nìkan. Àgò kẹrin á gba sóbò àti májèlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀yà ara wọn wò. Bí àgò kẹrin bá sàn ju àgò kẹta lọ, tí ó sì sún mọ́ àgò kìíní, wọ́n á ní sóbò dáàbò bò wọ́n. Àgò kejì ní iṣẹ́ tirẹ̀: òun ni yóò sọ fún wa bóyá sóbò fúnra rẹ̀ kò pa wọ́n lára.

Àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè wa ti ṣe púpọ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí. Ní 2005, E. O. Farombi àti A. Fakoya ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ iṣẹ́ jáde lórí èròjà inú sóbò gbígbẹ. Májèlé tí wọ́n lò kì í ṣe organophosphate, sodium arsenite ni. Ṣùgbọ́n ó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Wọ́n rí i pé èròjà sóbò dín ìbàjẹ́ náà kù nínú mùdùnmúdùn egungun àwọn eku. Ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, S. F. Ambali àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo chlorpyrifos fún eku, wọ́n sì rí i pé fítámìn C àti fítámìn E dín wàhálà rẹ̀ kù. Orógbó tiwa náà kò gbẹ́yìn: èròjà inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kolaviron ti fi irú agbára bẹ́ẹ̀ hàn sí atrazine, oògùn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pa koríko.

Ẹni tó dárúkọ sóbò nínú yàrá ọjọ́ náà kò sọ àsọdùn, nígbà náà. Òtítọ́ ni pé ewé àti èso a máa dáàbò bo ẹranko lọ́wọ́ májèlé. Ohun tó gbàgbé láti béèrè ni pé: ààbò lọ́wọ́ èwo nínú ìjà méjèèjì, àti nígbà wo?

4. Ohun tí eku kò sọ fún wa

Èkínní, ọ̀rọ̀ àsìkò. Nínú púpọ̀ nínú àwọn àyẹ̀wò wọ̀nyí, ohun adáàbòbò ló ń kọ́kọ́ wọnú ara eku kí májèlé tó dé, tàbí kí àwọn méjèèjì jọ máa wọlé lójoojúmọ́. Májèlé náà kì í sì í pọ̀ tó èyí tí yóò pa eku lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún un. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ wa rí? Rárá. Májèlé ti wọ ọ́ lára tán, ó sì ti pọ̀. Àwọn àgbà ní ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Agbada tí a gbé sórí kí òjò tó dé kì í ṣe ohun tí a fi ń yọ ẹni tó ti já sódò.

Èkejì, ọ̀rọ̀ irú ìjà. Ìpẹtà ni anthocyanin àti fítámìn C mọ̀ ọ́n bá jà. Nínú àwọn àyẹ̀wò kan, agbálẹ̀ wa náà sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n sóbò kì í ṣe ohun tó lè tú ìdè ọwọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Oògùn méjì ni àwọn dókítà ń lò fún ìjà àkọ́kọ́. Atropine ń di etí ilẹ̀kùn kí ariwo ìránṣẹ́ yẹn má wọlé mọ́; òun ló ń mú kí omi inú ọ̀nà èémí gbẹ. Pralidoxime ń tú ọwọ́ agbálẹ̀ bí wọ́n bá tètè lò ó kí ìdè náà tó le. Wọ́n á tún fi ọ́síjìn ràn án lọ́wọ́ láti mí. Kò sí sóbò nínú ìlànà ìtọ́jú yìí, kò sì sí epo pupa.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí epo pupa, nítorí ó jinlẹ̀ nínú àṣà wa. Organophosphate a máa yòrò nínú ọ̀rá. Ẹni tí a bá rọ epo sí lọ́fun, tí ara rẹ̀ ti ń rọ, tí itọ́ ti kún ẹnu rẹ̀, lè bì, kí èébì náà sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ̀rọ̀ ni epo lóòótọ́ nínú ọbẹ̀ àti nínú ètùtù. Níbi organophosphate, kì í ṣe ẹ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan papọ̀. Ká ní wọ́n fún eku ní èròjà sóbò gbígbẹ tó jẹ́ 200 mílígíráàmù fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan ara rẹ̀. Ẹni tó bá kàn fi 200 sọ iye kìlógíráàmù ara ènìyàn di púpọ̀, tó wọn 60, á rí 12,000 mílígíráàmù, ìyẹn gíráàmù 12. Ṣùgbọ́n ara eku ń ṣiṣẹ́ yára ju tiwa lọ, nítorí náà àwọn onímọ̀ oògùn a máa fi nǹkan bíi 6.2 pín ìwọ̀n eku kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. 200 pín sí 6.2 jẹ́ nǹkan bíi 32; 32 lọ́nà 60 kò tó gíráàmù 2. Ìyàtọ̀ láàárín gíráàmù 12 àti gíráàmù 2 kì í ṣe kékeré. Bẹ́ẹ̀ èròjà gbígbẹ tí wọ́n yọ nínú yàrá àyẹ̀wò ni a ṣì ń sọ, kì í ṣe sóbò inú ike tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìṣápá lọ.

Ẹ̀kẹrin, ewéko náà lè ṣe ibi. Ní 2004, O. E. Orisakwe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún akọ eku ní sóbò fún ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn tí ìwọ̀n tiwọn pọ̀ jù, tó tó gíráàmù 4.6 fún kìlógíráàmù kan, àtọ̀ wọn dín kù ní iye. Ní 2013 ẹ̀wẹ̀, Farombi kan náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí quercetin, èròjà tó wà nínú àlùbọ́sà àti ọ̀pọ̀ èso, tí gbogbo ayé mọ̀ sí olùdáàbòbò. Nígbà tí wọ́n fún eku pẹ̀lú atrazine, ńṣe ló dá kún ìpalára tí atrazine ń ṣe fún ẹ̀yà ìbímọ wọn. Ẹ rí i pé ẹni tó sọ pé "ewé ni, kò lè pa ènìyàn lára" kò tíì ka ìwé náà tán.

Ẹ̀karùn-ún, ara ènìyàn nílò ẹ̀rí tirẹ̀. Sóbò ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ kan jáde ní 2010 nípa àgbàlagbà 65 tí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti ń gòkè díẹ̀. Àwọn kan nínú wọn mu sóbò ife mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn yòókù mu ohun tó jọ ọ́. Ìwọ̀n ìfúnpá òkè àwọn tó mu sóbò wálẹ̀ pẹ̀lú 7.2, ti àwọn yòókù wálẹ̀ pẹ̀lú 1.3 péré. Báyìí ni wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò lára ènìyàn. A lè gbóríyìn fún sóbò lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. A kò gbọdọ̀ yá ẹ̀rí yẹn lò fún ọ̀tápiápiá.

5. Ibi tí májèlé ti ń bá wa pàdé

Ẹnìkan lè sọ pé, "Èmi kò fi ọ̀tápiápiá wọ́n ibùsùn mi, kí ló kàn mí?" Ó kàn ọ́, nítorí ojú oúnjẹ ló ń gbà wọlé jù.

Ẹ wo ẹ̀wà. Borno jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ tó ń gbin ẹ̀wà, kòkòrò sì fẹ́ràn ẹ̀wà bí ènìyàn ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn oníṣòwò mìíràn a máa da oògùn sínú àpò kí kòkòrò má baà lu ú. Ní 2008, ju akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 120 lọ ní ilé ìwé kan ní ìpínlẹ̀ Gombe, tó wà nítòsí wa níbí, ni wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ̀wà. Ní ọdún kan náà, ọmọdé méjì kú ní Bekwarra, ìpínlẹ̀ Cross River, lẹ́yìn tí àwọn ará ibẹ̀ jẹ ẹ̀wà àti mọ́ín-mọ́ín. Ní oṣù kẹfà 2015, Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Ìwọ̀n dichlorvos tí wọ́n gbà láàyè jẹ́ 0.01 mílígíráàmù nínú kìlógíráàmù kan. Ohun tí wọ́n rí jẹ́ láti 0.03 títí dé 4.6. Ẹ ṣírò rẹ̀: 4.6 jẹ́ ìlọ́po 460 ohun tí òfin wọn gbà.

Ẹ wo ẹja. Ẹja gbígbẹ láti adágún Chad ń gba Maiduguri kọjá lọ sí gúúsù. Kòkòrò a máa jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà, àwọn kan a sì máa fọ́n oògùn sí i. Oògùn tí wọ́n fọ́n ní Baga lè bá ọbẹ̀ ìyá wa pàdé ní Bódìjà.

Ẹ wo ẹ̀fọ́. Ṣáájú kí ìdídò Alau tó ya ní oṣù kẹsàn-án 2024, tí omi sì gba ìlú, àwọn olùwádìí yunifásítì wa níbí ti yẹ ẹ̀fọ́ àti ilẹ̀ àwọn oko agbègbè náà wò. Wọ́n bá dichlorvos, diazinon àti chlorpyrifos níbẹ̀, ní ìwọ̀n tó ga ju ohun tó yẹ lọ.

Sóbò tí a ń sọ yìí náà ńkọ́? Ní 2017, orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, tó ń ra ìṣápá pupa gbígbẹ púpọ̀ lọ́wọ́ Nàìjíríà, dá rírà náà dúró nítorí kòkòrò tí wọ́n bá nínú ẹrù. Ẹ ronú sí i. Bí kòkòrò bá lè mú kí oníṣòwò da oògùn sínú ẹ̀wà, kí ni kò ní jẹ́ kí ó dà á sínú ìṣápá? Nígbà náà, ohun tí a fi ń wá ààbò lọ́wọ́ májèlé ti di àpò májèlé.

Ìjọba kò dákẹ́ pátápátá. NAFDAC fòfin de àwọn ìgò dichlorvos kéékèèké, ó sì ní kí wọ́n yé tà wọ́n ní ọjà gbangba àti ní sùpámákẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2019. Ṣùgbọ́n òfin kì í dé ibùsùn akẹ́kọ̀ọ́. Àwa fúnra wa la óò gbé e débẹ̀.

6. Ohun tó yẹ kí a ṣe

Igi gogoro má gùn-ún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ààbò tó dára jù ni pé kí májèlé má wọlé rárá.

Fún ẹ̀wà: àpò onípele mẹ́ta wà tí wọ́n ń pè ní PICS. Larry Murdock ti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Kamẹrúùnù, tó bá Borno pààlà. Ọ̀rá méjì ló wà nínú, àpò híhun wà níta. A ó dì wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pinpin. Kòkòrò inú rẹ̀ á mí atẹ́gùn ibẹ̀ tán, á sì kú, láìsí oògùn kankan. Ẹni tí kò rí àpò náà rà lè lo kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ tí ọmọrí rẹ̀ dé dáadáa, kí ó kún un dé ẹnu. Ẹ̀wà tí a bá sì rà lọ́jà, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ sì da omi àkọ́sè rẹ̀ nù. Ó ń dín oògùn kù, kì í mú un kúrò tán.

Fún ìdun: oòrùn Maiduguri tí a máa ń ṣépè fún, ẹ jẹ́ kó wúlò fún wa. Ẹ gbé tìmùtìmù síta, ẹ da omi gbígbóná sí ojú igi àti irin ibùsùn. Ẹ má ṣe fi ọ̀tápiápiá wọ́n ohun tí ẹ óò sùn lé.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ gbé ẹni náà jáde síbi tí atẹ́gùn wà. Ẹ bọ́ aṣọ tí oògùn kàn, ẹ fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ fọ ara rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́ tiyín. Bí ó bá ń bì tàbí tí kò mọ ibi tó wà, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má fún un ní epo, mílíìkì tàbí sóbò, ẹ má sì fi ìka wá èébì lọ́fun rẹ̀. Ẹ mú ìgò oògùn náà lọ́wọ́ kí dókítà lè mọ ohun tó jẹ́, kí ẹ sì sáré. Bí ẹ bá sì rí ọ̀rẹ́ yín tí ayé sú, ẹ má fi òun àti irú ìgò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá kan náà. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ pe ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́.

Sóbò ńkọ́? Ẹ máa mu ún. Ẹ ra ìṣápá pupa tó mọ́, ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ lo omi tó mọ́, ẹ dín ṣúgà kù. Oúnjẹ rere ni, ó sì dùn. Kì í ṣe ìwé àṣẹ láti máa fi májèlé ṣeré.

Àkópọ̀ àti ìbéèrè

Ẹ̀kọ́ tí eku kọ́ wa ni pé ewéko lè bá ara gbé ẹrù ìpẹtà tí májèlé díẹ̀díẹ̀ ń kó wá. Ẹ̀kọ́ tí kò kọ́ wa ni pé a lè fi sóbò gba ẹni tí májèlé ti dì mú. Ẹni tó mọ èkínní láìmọ èkejì lè fi ìmọ̀ pa ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹ fi àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ṣe ìjíròrò ní ìpàdé tó ń bọ̀:

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìdè ọwọ́ agbálẹ̀ àti ìpẹtà? Èwo ló ń tètè pa ènìyàn?
2. Bí a bá yọ àgò kejì kúrò nínú àyẹ̀wò, kí ni a kò ní lè mọ̀?
3. Ìyá yín ní ìlé ní epo pupa ló ń pa agbára gbogbo májèlé. Báwo ni ẹ óò ṣe sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un láìtàbùkù rẹ̀?

Ìbéèrè kẹta ló le jù. Àwa tí a kọ ẹ̀kọ́ yìí ti gbìyànjú rẹ̀ nílé. Ó gba sùúrù, ó sì gba ìdọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kúnlẹ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti orí ọbẹ̀ ìṣápá, ìyá a máa gbọ́.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Ire o.